Bàbá Inú Ìwé

Bàbá méjì ló bí mi.
Ọ̀kan bí mi sórí ẹní, nínú ahéré ọparun;
ìkejì bí mi sínú ìwé orúkọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Dinhata,
tàdáwà ni wọ́n fi gbẹ̀bí mi,
ìdì ewé tábà méjì lówó ìkómọ.

Ará Ṣalukbari ni mí, èmi Mofija.
Ilẹ̀ wa ò tó ohun tí ènìyàn ń fa sìgá kan tán kó tó rìn já.
Orílẹ̀-èdè tó ni wá wà ní máìlì mẹ́ta sí wa,
kò sí ẹni tó dé ibẹ̀ rí nínú wa.
Ilẹ̀ ẹlòmíràn ló yí wa ká
bí omi ṣe ń yí òkúta ká láàárín odò.
Olè jà wá, ọlọ́pàá ibí ní àwa kọ́ la ni yín;
ọlọ́pàá tiwa ò lè débẹ̀
àfi tó bá tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tó sé wa mọ́.
Wáyà iná gba orí òrùlé wa kọjá,
ó ń kùn bí oyin lálaalẹ́.
Àtùpà elépo la fi ń jẹun lábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Òkúta ààlà ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ mí ní tèmi.

Kobad Ali, tó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá ọjà,
ọmọ mẹ́ta ló ní nílé,
mọ́kàndínlógún nínú ìwé.
Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bi í lọ́jọ́ kan:
“Kobad, ìyàwó mélòó lo fẹ́,
tí ọmọ mẹ́rin fi délẹ̀ lóṣù kan ṣoṣo?”
Ó nu gírísì ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ.
“Ọ̀gá, Ọlọ́run ló ń ṣe é.”

Láàárọ̀, tí mo bá dé ibi òkúta,
mo bọ́ bàbá kan, mo wọ ìkejì.
Nírọ̀lẹ́, mo tún un wọ̀.

Òjò kan wá rọ̀ lọ́jọ́ ìdánwò.
Tomij, bàbá mi tòótọ́, mú agboòrùn wá sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì,
ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀ oko.
Olùkọ́ bi í pé kí ló jẹ́ sí ọmọ yìí.
Ó wo ilẹ̀.
“Alágbàṣe bàbá rẹ̀ ni mí, sà.
Wọ́n ní kí n wá mú un.”
Orí mi nìkan ló na agboòrùn náà sí,
bí alágbàṣe ti ń ṣe,
òjò ń lù ú títí a fi kọjá òkúta.
Kò bá mi sọ̀rọ̀. Èmi náà ò bá a sọ.

Lóru ọjọ́ tí àwọn ìjọba pààrọ̀ ilẹ̀ fún ilẹ̀,
a tan àbẹ́là méjìdínláàádọ́rin,
ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan; atẹ́gùn pa mẹ́ta.
Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé gbé tábìlì sábẹ́ igi máńgòrò.
“Orúkọ bàbá?”

Ìwé ẹ̀rí mi ní Kobad.
Kobad ti kú láti ìgbà òtútù tó kọjá.
Bí mo bá sòótọ́, ọdún mẹ́wàá tí mo fi kàwé
di ti ọmọ kan tí kò sí.
Mo ń gbọ́ èémí Tomij lẹ́yìn ọrùn mi.
Òun náà ló dá akọ̀wé lóhùn:
“Kọ Kobad síbẹ̀. Mo ti sanwó rẹ̀.”

Iná ti wọlé báyìí.
Wọ́n ti hú òkúta; Haṣem ń fi pọ́n dòjé.
Ṣùgbọ́n tí bàbá mi bá ń bọ̀ láti oko,
tó bá kan ojú ibẹ̀,
á gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, á dá nǹkan tí kò sí kọjá.
Àwọn ọmọ mi máa ń rẹ́rìn-ín.

Lánàá, mo ru omi bọ̀, mo ń ro ti ọbẹ̀,
ẹsẹ̀ tèmi náà gbé.